Lẹ́tà ṣíṣí sí Bàbá Tíṣà tó ń kọ ìwé nípa ayálégbé rẹ̀ tó pànìyàn

Bàbá Tíṣà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àmúmọ́ra gbogbo ohun tó ti gba inú ọgbà yín kọjá. Ṣé ara ìyá ti le díẹ̀? Orí kìíní ìwé tí ẹ ń kọ ti dé ọwọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi rán ẹnikẹ́ni sí mi o. Ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ni mo rí lórí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn nítòsí Ọjà Ọba, níbi táwọn ọkùnrin máa ń dúró sí láàárọ̀, tí wọ́n á ka gbogbo àkọlé tán láìra nǹkan kan. Tiyín yìí, wọ́n ń rà á. Nígbà tó ti jẹ́ pé gbogbo ayé lẹ kọ ọ́ fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fèsì níṣojú gbogbo ayé. N kò ní dárúkọ yín. N kò ní dárúkọ ọmọkùnrin tó yálé lọ́dọ̀ yín. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, n kò sì fẹ́ kí lọ́yà kankan máa wá mi kiri Àkúrẹ́. Orúkọ ọmọbìnrin tó pa ni ì bá wù mí láti kọ, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ló ni ín, n kò sì tíì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ìwé àlòkù ni mo ń tà, ẹ ti ra díkíṣọ́nárì lọ́wọ́ mi rí, ẹ sì ná an dóògùn. Tí a bá tú báálì ìwé tó ti òkè òkun dé, ohun gbogbo ló ń jáde níbẹ̀: ìwé ìdáná, ìwé àwọn ọmọdé, Bíbélì tí wọ́n kọ orúkọ olórúkọ sí, àti ìwé ìtàn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Irú ìwé ìkẹyìn yìí kì í pẹ́ lórí igbá. Ẹ má rò pé àwọn ọmọ ìta ló ń rà á o. Nọ́ọ̀sì ni, tíṣà ni, àwọn ìyá tó ń ta aṣọ ni. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé òun ń kà á kí òun lè mọ ohun tí òun á máa ṣọ́ra fún. Èmi náà máa ń kà wọ́n kí n tó tà wọ́n, èyí tí kò mú owó wọlé rárá. Ohun tí mo sì ti rí ni pé ìwé tí ẹni tó mọ apànìyàn bá kọ kì í rí bí èyí tí oníròyìn kọ. Ó lè dára jù ú lọ fíìfíì. Ó sì lè burú débi pé kí wọ́n má kọ ọ́ rárá ló sàn. Ibi tí orí kìíní yín dorí kọ kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín. Ann Rule ló ń jẹ́, ará Seattle ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe ọlọ́pàá rí; nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn fún ìwé ìròyìn, orúkọ ọkùnrin, Andy Stack, ló sì fi ń kọ ọ́. Ní ọdún 1971, ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ lálẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ẹni tí ayé sú, tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, lè pè lórí fóònù. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jọ máa ń jókòó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì á máa bá àwọn tí wọn kò rí sójú rí sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró láyé. Tí iṣẹ́ bá parí, ọmọkùnrin yìí á sin Rule dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, á ní kó tilẹ̀kùn dáadáa kí nǹkan kan má baà ṣe é lọ́nà. Ted Bundy lorúkọ ọmọkùnrin náà. Rule kọ ọ́ sínú ìwé láìfi bò pé ká ní àwọn ọmọbìnrin òun ti dàgbà nígbà yẹn ni, irú ọkùnrin tí òun ìbá fẹ́ fún wọn nìyẹn. Ẹ ronú irú gbólóhùn tí ìyá kan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ yẹn.

Ní ọdún 1974, àwọn ọ̀dọ́bìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, níbi adágún Sammamish, lọ́sàn-án gangan, láàárín èrò tó wá gbafẹ́, ọkùnrin kan gbé apá kọ́ ọrùn bí ẹni tó ṣèṣe, ó ń bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n bá òun gbé ọkọ̀ ojú omi sórí mọ́tò. Janice Ott tẹ̀ lé e, kò padà. Lọ́jọ́ kan náà, Denise Naslund náà kò padà wálé. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ tó ní Ted lòun ń jẹ́. Wọ́n rí mọ́tò Volkswagen rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Rule pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó ní òun mọ Ted kan, òun kò rò pé ẹni náà ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wò ó, Ìjàpá ló ń wà. Kì í sì ṣe Rule nìkan ló mú orúkọ rẹ̀ lọ: ọ̀rẹ́bìnrin Bundy mú un lọ, ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú un lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó kọ́ ọ ní yunifásítì náà mú un lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ń wọlé fún àwọn ọlọ́pàá lójúmọ́ máa ń tó igba. Wọ́n wo ti Bundy: akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, aṣọ mọ́ lára rẹ̀, kò sì ní ẹ̀sùn kankan nínú ìwé wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Rule ti bá ilé ìtẹ̀wé kan tọwọ́ bọ̀wé pé òun á kọ ìtàn apànìyàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ yìí, kó tó di pé ó hàn pé ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń jókòó lóru ni. Nígbà tí ọwọ́ sì tẹ Bundy ní Utah lọ́dún 1975, Rule kò sá. Ó ń kọ lẹ́tà sí i, ó ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, wọ́n jọ jẹun nígbà tí wọ́n gba oníduúró rẹ̀. Ẹni tó mú orúkọ rẹ̀ lọ fún ọlọ́pàá náà ló tún ń bá a jẹun. Bundy sá mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún 1977, ó dé Florida, ó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Tallahassee ní oṣù Kìíní 1978. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó pa Kimberly Leach, ọmọ ọdún 12. Ìwé Rule jáde ní 1980. Wọ́n fi iná mànàmáná pa Bundy ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1989, lẹ́yìn tó ti jẹ́wọ́ pé ọgbọ̀n ènìyàn lòun pa.

Ìdí tí mo fi na ìtàn yìí gùn tó báyìí rèé. Nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí a máa ń kà nílé ìwé, òǹkọ̀wé ló mọ apànìyàn, àwa òǹkàwé la ń wá a kiri. Ti Rule yí i padà. Àwa ti mọ̀ kí a tó ṣí i. Òun ni kò mọ̀. A ń wo bó ṣe ń wọ mọ́tò rẹ̀ lóru, tí apànìyàn dúró ń kìlọ̀ fún un kó ṣọ́ra, ọkàn wa ti fò lọ, òun sì ń dúpẹ́. Kò padà lọ sẹ́yìn lọ fi àmì síbi tí àmì kò sí. Ó jẹ́ kí a rí i bí òun ṣe rí i nígbà yẹn, kí ìmọ̀ dé bá a díẹ̀díẹ̀, kó kọ̀ ọ́, kó tún gbà á, kó tún kọ̀ ọ́. Ohun tí ọlọ́pàá kò ní nìyẹn, tí adájọ́ kò ní, tí oníròyìn kò lè rà. Ẹ̀yin ní in, Bàbá. Ẹ sì ti ń bà á jẹ́ láti ojú ewé kejì.

Ojú ewé kejì yín ni mo ti kà pé: «Láti ọjọ́ tó ti kó ẹrù wọ ilé mi ni ara mi ti sọ fún mi pé ọmọ yìí kò pé.» Bàbá, ara ta ló sọ fún un? Ẹ̀yin lẹ fi í ṣe akọ̀wé ìpàdé àdúgbò. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì yín há sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, òun ló bá yín tẹ gbogbo lẹ́tà yẹn, òun ló ń bá yín gòkè sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, tó ń gbé fáìlì yín dání. Òru tí ìyá dákú, mọ́tò rẹ̀ ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn, tí kò sì gba owó epo. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi tí ẹ ń sọ ọ́, tí ẹ ní ká ní gbogbo ayálégbé rí báyìí ni, onílé kankan kì bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ nínú orí kìíní. Gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ojú tó ń wò sùn-ùn, ẹ̀rín tí kò dénú, àti ajá yín tó máa ń gbó ó. Ajá yín yẹn, Bàbá, ta ni kì í gbó?

Mo mọ ohun tó fà á. Ìtìjú ni. Àwọn tó ń kọjá ń na ìka sí ilé yín, àwọn ayálégbé méjì ti kó jáde, wọ́n ti sọ yín di onílé apànìyàn ní ọjọ́ ogbó. Lẹ́yìn tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ tán, kò sẹ́ni tí kì í di babaláwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe fún yín. Tí ẹ bá ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹni tó bá kà á á bi yín pé kí ló dé tí ẹ gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún tí ẹ kò wí nǹkan kan. Èyí tiẹ̀ kéré. Tó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ọmọbìnrin náà ni kò gbọ́. A jẹ́ pé òun ló ya òmùgọ̀ tó fi jókòó tì í, tó fi jẹun níwájú rẹ̀, tó fi tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ẹ̀yin kò ní bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, mo mọ̀. Ohun tí ẹ kọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ka ẹ̀dà yín: «Tíṣà tó jẹ́ àgbàlagbà rí i, kí ló ṣe ọmọbìnrin yẹn tí kò rí i?»

Ó tún kù. Àwọn onílé ń ka ìwé yín láti mọ irú ẹni tí wọn kò ní gbà sílé mọ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ lójú mi pé òun kò ní gba ọmọkùnrin tó bá dá dàdá sórí, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, tó bá fi yẹtí sétí. Ayálégbé yín ńkọ́? Ó máa ń gẹrun ní gbogbo Sátidé. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún lára rẹ̀. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Seattle náà mọ bí ojú apànìyàn ṣe yẹ kó rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti orúkọ tí ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin tó ń ra irú ìwé yìí lọ́wọ́ mi kó lè mọ ohun tó máa ṣọ́ra fún, òótọ́ ló ń wá. Ẹ fún un ní ọkùnrin tó gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má wá torí èyí sọ ọ́ di arẹwà o. Ọ̀nà yẹn náà wà, ó sì dùn ún rìn. Ní Miami lọ́dún 1979, Adájọ́ Edward Cowart dájọ́ ikú fún Bundy, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò: kó tọ́jú ara rẹ̀, pé lọ́yà tó dára ni ì bá jẹ́, pé inú òun ì bá dùn kó máa wá rojọ́ níwájú òun. Níbi ìdájọ́ ẹni tó pa ọmọ ọlọ́mọ, ayé apànìyàn tó ṣòfò ni adájọ́ ń kẹ́dùn. Bí irú ọkùnrin yìí ṣe ń fa ojú èèyàn mọ́ra nìyẹn, kódà nígbà tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ oore tó ṣe, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ìwé orúkọ ilé ìwé nígbà tí ẹ jẹ́ hẹdimásítà: ó wá, kò wá, ọjọ́ báyìí, níṣojú lágbájá. Kò nílò kí ẹ fi iyọ̀ sí i.

Ẹ ní ó ń kọ lẹ́tà sí yín láti ọgbà ẹ̀wọ̀n pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú déètì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí kóòtù rí. Bundy sẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí àwọn oníròyìn kan fi ọgbọ́n yí i lọ́kàn padà, ó sọ̀rọ̀ apànìyàn náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni, «ẹni bẹ́ẹ̀ á ṣe báyìí, á ronú báyìí». Ìgbà tí ikú kan ilẹ̀kùn tó ń wá bí wọ́n á ṣe sún un síwájú ló jẹ́wọ́. Kí ẹ tó tẹ lẹ́tà kankan ṣá, ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ìwé ta ayò lé lórí.

Ìyá ńkọ́? Ẹ kọ «ilé wa» lọ́pọ̀ ìgbà nínú orí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ yín tí ọmọkùnrin yìí ń kọ́ ní ìṣirò ní fàráńdà, kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́bìnrin Bundy tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan kọ ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1981, ó fi Elizabeth Kendall bo orúkọ ara rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan nígbà náà tí Bundy ń ṣe bíi bàbá fún. Ọdún 2020 ni ìwé náà tó tún jáde, ọmọ yẹn sì ti di àgbàlagbà, ó wá fi orí kan tirẹ̀ kún un, ó sọ ohun tí ojú òun rí lọ́wọ́ Bundy, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà nínú ti àkọ́kọ́. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ yẹn. N kò ní kí ẹ fipá mú ọmọ ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Kí ẹ bi í, kí ẹ sì gbà tó bá ní òun kò fẹ́. Tí ìyá bá ní kí ẹ yọ òun kúrò níbẹ̀, ẹ yọ wọ́n, kí ẹ má ṣe ní àwọn aya àtijọ́ kì í sọ̀rọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni mo fi sẹ́yìn. Nínú gbogbo orí kìíní, «olóògbé» lẹ pe ọmọbìnrin náà, ohun kan ṣoṣo tí ẹ sì sọ nípa rẹ̀ ni pé irun rẹ̀ gùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ tèmi láti sọ. Oníbàárà mi ni. Ìwé nọ́ọ̀sì ló ń rà, owó rẹ̀ kì í sì pé. Á san díẹ̀, á ní kí n bá òun fi ìwé náà pa mọ́, á wá dúró nídìí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, á máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́ bí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn. Tó bá sanwó tán, á yọ bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ látinú báàgì rẹ̀, á fi dì í lẹ́yìn níbẹ̀, apá funfun á wà níta, á wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà, pẹ̀lú «Nọ́ọ̀sì» níwájú rẹ̀. Kò tíì ṣèdánwò àkọ́kọ́ o. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní tí òun bá gún mi lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan, màá mọ̀. Ó ti wá sí ọgbà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ ti kí i, ó ti kúnlẹ̀ kí yín. Kí ló sọ? Kí ló gbé dání? Ìyẹn náà jẹ́ ohun tí ẹ̀yin nìkan mọ̀.

Ní ti owó, n kò ní pariwo. Ní New York lọ́dún 1977, lẹ́yìn tí ọwọ́ tẹ apànìyàn kan tó ń jẹ́ David Berkowitz, wọ́n ṣòfin pé apànìyàn kò gbọdọ̀ jèrè ìtàn ọ̀ràn tó dá. Kóòtù Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà fagi lé e ní 1991 pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mọ́lẹ̀ jù, wọ́n sì tún un ṣe. Òfin yẹn kò kan ọ̀rẹ́ apànìyàn rárá. Ìwé yẹn ló sọ Rule di olókìkí, n kò sì bú u. Èmi náà ti jèrè níbẹ̀, mo ti ta á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ lọ bá àwọn òbí ọmọ náà. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán akọ̀wé ìpàdé. Ẹ mú àgbà kan dání ní àdúgbò wọn, kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Ẹ má gbé owó dání o. Ìwé ni kí ẹ gbé dání, kí ẹ ka ibi tí ọmọ wọn wà sí wọn létí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi sí i lójú ewé kìíní. Tí wọ́n bá lé yín, ẹ padà lọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Mo gbọ́ pé ẹ ti ń bá àwọn òǹtàwé sọ̀rọ̀. Bí orí kìíní yẹn ṣe wà yìí, kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Tí ẹ bá tún un kọ, màá gbé e síwájú, n kò sì ní gba kọ́míṣọ̀nù lórí àdìpọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀dà tí mo rà ti kún fún bírò pupa. Mo fàlà sí gbogbo ibi tí ẹ ti mọ ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ rán ọmọ wá gbà á, a máa ń ṣí láago mẹ́sàn-án, àyàfi ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni ọmọ yín,
Òǹtàwé àlòkù, Àkúrẹ́